Họ́ọ̀nù Mẹ́ta fún Màámi

Ẹ̀gbẹ́ títì ni ilé ìyá Adéjùwọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà Ìlọrin gan-an. Tírélà tó bá gbé ẹrù láti Èkó lọ sókè, iwájú ilé náà ló máa gbà. Láti ọjọ́ tí Jùwọ́n ti di awakọ̀, bó bá ti kù díẹ̀ kó débẹ̀, á tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá rẹ̀ á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á juwọ́. Nígbà mìíràn á já gèlè lórí, á máa fì í. Jùwọ́n á juwọ́ padà, ṣùgbọ́n kì í dúró. Tírélà tó gbé ẹrù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá dúró níbi tó bá wù ú. Àmọ́ ìyá ti mọ̀ pé ọmọ òun kọjá, ọmọ sì ti mọ̀ pé ìyá òun wà láyé. Ó tó wọn.

Àwọn méjì ló ń wa tírélà náà. Jùwọ́n ni ọ̀kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Wàhábì ni èkejì, ọmọ Ìsẹ́yìn, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Jùwọ́n ti kọ́ iṣẹ́. Bàbá Zulfah ló ń pè é.

Àdéhùn kan wà láàárín wọn, ó ti tó ọdún mẹ́fà. Bí wọ́n bá ń dá kọ̀ńténà òfìfo padà sí wáàfù, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù, orí ìlà ni wọ́n ń bá a dúró ní Àpápá, ọjọ́ mẹ́fà, nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá fi mọ́tò sílẹ̀, tí ìlà sún tí kò sún, ẹ̀yìn pátápátá ló ń padà sí. Nítorí náà, bí Iléyá bá ká wọn mọ́ orí ìlà, Jùwọ́n á dúró ti mọ́tò, Wàhábì á lọ sí Ìsẹ́yìn. Bó bá jẹ́ Kérésì, Wàhábì á dúró, Jùwọ́n á lọ bá ìyá rẹ̀.

Lọ́dún yìí, orí ìlà ni wọ́n wà, Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí ìyá Jùwọ́n pè é. Ó ní ẹsẹ̀ òun ń wú. Ó ní kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n ṣé kò lè yà wá wo òun ni. Jùwọ́n wo Wàhábì, ó ń di ẹrù ọdún sínú báàgì, inú rẹ̀ ń dùn. Kò lè sọ fún un pé kó má lọ mọ́.

Ó ní, "Màámi, Kérésì ò jìnnà mọ́. Èmi ni mo ni ti Kérésì."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dáa, kó ra bàtà bọ̀ fún òun nígbà náà, kó jẹ́ èyí tó fẹ̀, torí bàtà ṣọ́ọ̀ṣì òun ò gba òun lẹ́sẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Jùwọ́n rà á lọ́jà Bọ́ńdìrì, bàtà dúdú, ó rọ̀, kò ní okùn. Ó fi í sínú ọ̀rá, ó tì í sẹ́yìn ìjókòó mọ́tò.

Oṣù kẹsàn-án ni ìyá náà kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kú, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sin ín. Jùwọ́n wà lójú ọ̀nà Kàdúná pẹ̀lú ẹrù. Àwọn àgbà ilé ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un. Mọ̀lẹ́bí wọn kan ti gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lórí síárín rí, níbi tó ti ń wakọ̀. Abẹ́ afárá ni wọ́n ti lọ gbé òkú tiẹ̀ náà. Nítorí náà, Wàhábì ni Moyọ̀sọ́rẹ, ẹ̀gbọ́n Jùwọ́n obìnrin, pè. Ó bá àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á mọ́ sínú títí wọ́n á fi já ẹrù. Wàhábì gbà.

Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ni wọ́n gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá.

Láti Ọ̀yọ́ ni Wàhábì ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gba síárín. Jùwọ́n kọ̀. Ó ní ìlú òun ni, òun lòun máa wà á kọjá. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ilé, ó ní, "Bàbá Zulfah, ẹ jẹ́ n yà kí Màámi, ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

Wàhábì ò wò ó lójú. "Ká já ẹrù yìí ná. Tá a bá ń bọ̀."

Jùwọ́n tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá páropáro. Ilẹ̀kùn iwájú wà ní títì. Ó ní àfi bí Màámi bá ti lọ sí ìpàdé àdúrà. Wàhábì ṣí fìlà lórí, ó gbé e lé orúnkún. Kò jẹun títí wọ́n fi dé Ìlọrin. Jùwọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ààwẹ̀ wo lèyí, ṣé oṣù ti tún lé ni.

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ń padà bọ̀, Wàhábì ní kó dúró níwájú ilé. Moyọ̀sọ́rẹ jáde nínú aṣọ dúdú. Aṣọ náà ti sọ pé Màámi ti kú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún ní láti sọ. Ṣùgbọ́n Moyọ̀sọ́rẹ sọ ọ́, ẹkún kò jẹ́ kó mọ èyí tó yẹ kó fi pamọ́. Ó ní Wàhábì pè láti sọ fún àwọn pé mọ́tò ti sún mọ́ tòsí. Ó ní àwọn àgbà ní kí gbogbo èèyàn wọ ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú. Ó ní ẹ̀bá ibojì làwọn dúró sí, yẹ̀ẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù.

"A gbọ́ họ́ọ̀nù ẹ, Jùwọ́n. Gbogbo wa la gbọ́ ọ."

Jùwọ́n ò sọ̀ kalẹ̀. Ó ki mọ́tò sí jíà. Moyọ̀sọ́rẹ ń fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, títí mọ́tò fi yára ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló ń bá Wàhábì sọ. Ẹ sún. Ẹ yẹ táyà wò. Kò pè é ní Bàbá Zulfah mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Láti Ọ̀yọ́ ni Jùwọ́n á ti fún un ní síárín, á fi tọ́wẹ̀lì bojú. Wàhábì ò jẹ́ fọwọ́ kan họ́ọ̀nù. Moyọ̀sọ́rẹ ń pè, Jùwọ́n ò gbé e. Èèyàn lè bínú sí Wàhábì látàárọ̀ dalẹ́. Èyí tí kò ṣeé wò ni ti Iléyá, tí ìyá ní kó wá, tó ní ó di Kérésì.

Kérésì wá dé. Ó bá wọn lórí ìlà, lẹ́bàá Marine Beach ní Àpápá, pẹ̀lú kọ̀ńténà òfìfo. Ó ti di ọjọ́ karùn-ún. Nígbà tí Kérésì ku ọ̀la, Wàhábì wá bá a níbi tó jókòó sí lábẹ́ tírélà.

"Mo ti dúró ti mọ́tò. Máa lọ."

"Ta ni mo fẹ́ lọ bá?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ. Ibojì ìyá ẹ."

"Ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n sọ fún nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Ẹ máa lọ."

Wàhábì gbé kẹ́ẹ̀tù àlùwàlá rẹ̀, ó kọjá sápá kejì.

Sàídù, tí mọ́tò rẹ̀ wà lẹ́yìn tiwọn, ò mọ nǹkan kan. Ó ń bá Jùwọ́n tàkúrọ̀sọ. Ó ní ṣé ó ti gbé kọ̀ńténà níyàwó ni, tí kò lè fi í sílẹ̀ nígbà ọdún. Jùwọ́n yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin tó ń bá àwọn awakọ̀ ṣáàjì fóònù lábẹ́ agbòòrùn ló rí ojú rẹ̀. Onyeka lorúkọ rẹ̀, Mama Peculiar ni gbogbo ìlà ń pè é. Ọmọ Ìgbò ni, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ já geere. Ó dá fóònù Jùwọ́n tó ti ṣáàjì padà fún un, ó ní bí kò bá ní í lọ sílé, kó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn láàárọ̀ ọ̀la. Ó ní ìrẹsì á wà. Jùwọ́n ní òun ò fẹ́ ìrẹsì.

"Wá jókòó nìkan. Ìjókòó ò gbówó."

Láàárọ̀ Kérésì, títì dá. Jùwọ́n wọ kẹ̀kẹ́ dé Bọ́ńdìrì, ó fẹsẹ̀ rìn wọ inú Ajégúnlẹ̀. Àwọn ọmọdé wà níta nínú aṣọ tuntun, awò dúdú lójú gbogbo wọn. Òórùn ata díndín ń jáde láti ojúlé dé ojúlé. Jùwọ́n gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń gba inú ilé onílé. Ní tiẹ̀, láti kékeré, ohun tó mọ̀ sí Kérésì ni ìrẹsì Màámi, aṣọ, àti bángà tí wọ́n ń yìn. Nígbà tó dàgbà, ó di kó wọkọ̀ lọ sílé. Kò ronú rẹ̀ kọjá ibẹ̀ rí. Màámi ti kú, ó ti tán.

Gbọ̀ngàn onípáànù kan ni ṣọ́ọ̀ṣì náà, lẹ́yìn ilé àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe. Omi wà níwájú rẹ̀, orí pákó lèèyàn ń rìn wọlé. Wọ́n fi kéréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe ibùjẹ ẹran, wọ́n gé páálí wẹ́wẹ́ sí i dípò koríko, wọ́n tẹ́ bèbí oníke lé e. Apá bèbí náà kan ti já.

Pásítọ̀ Kọ́láwọlé ti ru ẹrù ní wáàfù fún ọgbọ̀n ọdún kó tó di pásítọ̀. Èjìká rẹ̀ kan relẹ̀ ju èkejì lọ. Yorùbá ló ń sọ, ó ń fi Písìn lú u. Ó ní kí àwọn tí kò lè lọ sílé na ọwọ́. Ọwọ́ pọ̀. Jùwọ́n ò na tiẹ̀.

Pásítọ̀ ní, "Ẹni tá a torí ẹ̀ wọṣọ tuntun yìí, òun náà ò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ilé bàbá ẹ̀ jìnnà ju tèmi tiyín lọ. Ojú ọ̀nà ni wọ́n bí i sí. Ilé tí wọ́n kàn, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wọn."

Ilẹ̀kùn yẹn gbá Jùwọ́n láyà. Ó rí i, ilẹ̀kùn iwájú ilé ìyá rẹ̀, ní títì.

"Ó lè dúró sókè, kó máa juwọ́ sí wa. Ọlọ́run ni, ta ló máa bi í? Àmọ́ ó sọ̀ kalẹ̀. Ó rí i pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá, ó wá jókòó tì wá nínú ẹ̀. Kérésì ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrẹsì, a kàn fi kún un ni."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Jùwọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo bèbí alápá kan náà. Ọdún mẹ́fà lòun fi ń juwọ́ sí ìyá òun láti òkè mọ́tò. Wọ́n fi ẹkún bẹ òun kí òun sọ̀ kalẹ̀, òun ò sọ̀. Ta ló wá jókòó ti òun lọ́jọ́ burúkú yẹn, láti Ọ̀yọ́ dé Ìlọrin, tó ru òkú ìyá ẹlòmíràn lọ́kàn, tí kò jẹ, tí kò mu? Ó fi ọwọ́ bo ojú. Mama Peculiar sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì.

Wọ́n di ìrẹsì fún un, ó gbà á. Ó di ọ̀sán kó tó padà dé ìlà. Ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí sílẹ̀. Wàhábì jókòó sínú rẹ̀, ó ń fi àkísà nu bàtà dúdú náà, ẹsẹ̀ kan lórí itan rẹ̀, ẹsẹ̀ kejì lọ́wọ́. Eruku wáàfù kì í jẹ́ kí nǹkan mọ́ fún ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n bàtà náà ń dán. Ìgbà yẹn ló yé Jùwọ́n pé kì í ṣe òní ló ti ń nù ún.

Wàhábì rí i, ó sáré ń dá bàtà padà sínú ọ̀rá. Jùwọ́n gun mọ́tò wọlé, ó jókòó sídìí síárín, ó gbé ìrẹsì sáàárín wọn.

"Bàbá Zulfah."

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Wàhábì ò gbé ojú sókè.

"Nígbà tí mo tẹ họ́ọ̀nù lọ́jọ́ yẹn, kí lẹ rò?"

Wàhábì di ẹnu ọ̀rá. "Mo ní Ọlọ́run, jẹ́ kí ìyá ẹ gbọ́ ọ." Ó gbé ọ̀rá lé itan. "Mo ṣe ohun táwọn ẹbí ẹ ní kí n ṣe. Kò dáa. Mo ti mọ̀ pé kò dáa ká tó kúrò ní Ọ̀yọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ."

"Èmi ni mo ní ó di Kérésì," Jùwọ́n wí. "Ó ní kí n wá, mo ní ó di Kérésì."

Ó gbé ọwọ́ lé họ́ọ̀nù. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ìlà rò pé wáàfù ti ṣí. Ẹ́ńjìnnì Sàídù bú, tẹni tó tẹ̀ lé e bú, wọ́n ń sáré ká ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí iná, ẹnìkan gun mọ́tò pẹ̀lú ọṣẹ lára. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tó sún, èébú bẹ̀rẹ̀. Sàídù yọrí síta, ó ní, "Jùwọ́n, ṣé ọtí ọdún ti pa ẹ́ ni? Orí ẹ ò pé!"

Wàhábì bọ́ sílẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Sàídù, dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ń kí."

Sàídù wo ojú àgbàlagbà náà. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn yòókù ń pa tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìlà fi dákẹ́, Jùwọ́n sì ń sunkún lórí síárín. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò tíì sunkún.

Nígbà tó ṣe, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ọ̀rá bàtà sí abíyá. Wàhábì ní bó bá lọ báyìí, á rí mọ́tò wọ̀ ní Ìjọra, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba àyè wọn. Jùwọ́n fi orúnkún kan kanlẹ̀ fún un, ó dìde.

Ó ti rìn kọjá mọ́tò bí mẹ́wàá kó tó pe Moyọ̀sọ́rẹ. Kò dún lẹ́ẹ̀mejì tó fi gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Mò ń bọ̀." Ó gbẹ́nu kúrò nídìí fóònù, ó gbé e padà. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú."