Ìbínú Bámigbóyè

James káfíńtà kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ láyé nígbà tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ ní Kabba ti ń kúnlẹ̀ kí i. Bámigbóyè, bàbá bàbá rẹ̀, kò tíì lò ju oṣù mẹ́rin lọ nínú ilẹ̀ nígbà náà. Ni ọmọkùnrin yìí bá dé, ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, ó sì le ojú koko. “Okun o, Bàbá,” ni àwọn ìyàwó ilé fi ń kí i. “Ẹ káàbọ̀. Ẹ ò wá tíì fi ìbínú yín sílẹ̀!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tuntun wo ni kì í di ẹ̀ṣẹ́? Kò sẹ́ni tó béèrè. Àlùfáà ìjọ sọ ọ́ ní James lójú omi ìrìbọmi, ṣùgbọ́n Babátúndé ni ilé ń pè é, nítorí àwọn ará Kabba mọ bí a ti ń gba Jésù láì lé bàbá ẹni síta.

Ẹni tó bá mọ Bámigbóyè ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ á mọ ìdí tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Iwájú ilé ni bàbá náà máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì bà ni yóò sọ lu èèyàn, ìbáà ṣe ọ̀pá, ìbáà ṣe àpótí ìjókòó. Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ọmọdé ń gbà kọjá.

Nígbà tí James pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sọ òkúta lu Délé ọmọ aládùúgbò, ó fọ́ ọ lórí. Àwọn àgbà sáré lọ bẹ̀bẹ̀: “Ẹ má bínú, ẹ ṣáà mọ Bàbá.” Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Sarah ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ìgbálẹ̀ lásán mọ́ ẹnìkan, wọ́n sì bá a wí títí ilẹ̀ fi ṣú. Joseph, bàbá àwọn ọmọ méjèèjì, gbé pàṣán sókè sí James lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá Joseph di ọwọ́ náà mú. “Joseph, bàbá rẹ lo fẹ́ nà?” Pàṣán bọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún bá James wí mọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, gbogbo wọn ló mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ bàbá tó bí i?

Ó dàgbà, ó di káfíńtà tó mọṣẹ́ dunjú, ó sì fẹ́ Lucy láti Mopa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Lucy ti sá padà sílé bàbá rẹ̀ nítorí ìbínú James. Ìgbà méjèèjì ni Joseph lọ bẹ àwọn àna: “Ọmọ yìí kọ́. Bàbá ni.” Àwọn àna mi orí, wọ́n dá Lucy padà. Ta ló fẹ́ bá òkú ṣẹjọ́?

Lẹ́yìn ìkórè iṣu ọdún 1957, James ń wọn pákó tí yóò fi ṣe bẹ́ǹṣì fún ilé ìwé kan. Lucy pọn Monica ọmọ wọn yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè bóyá kí òun gbé oúnjẹ wá. James ń wọn pákó lọ. Lucy tún béèrè. Òòlù fò kúrò lọ́wọ́ James, ó gbá férémù ilẹ̀kùn. Ìká ọwọ́ kan péré ló kù kó dé orí ọmọ. Monica rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni.

Lucy ò sunkún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ lọ́rì Mopa. Ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ kò gùn: “Ẹ wá pẹ̀lú àgbà. Bí ẹ kò bá ní ọ̀rọ̀ tuntun, Lucy kò padà mọ́.”

Joseph ti kú lákòókò yìí. Àgbà kan ṣoṣo tó kù ni Ìyá Rhoda, àbúrò Bámigbóyè, tó ti lọ sílé ọkọ ní Iyara láti kékeré. Oṣù mẹ́ta péré ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí Kabba, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. James dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ẹ bá mi dé Mopa, Ìyá. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi kọ́. Ìbínú Bàbá ni.”

“Bàbá wo?”

“Bàbá Bámigbóyè.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Bámigbóyè ẹ̀gbọ́n mi? Ọkùnrin kan dáná sun igbó, iná náà jó àká ọkà Bámigbóyè méjì ráúráú. Ẹ̀gbọ́n mi ló tún lọ kí ẹni náà kú ewu! Oníbìínú kọ́ ni.” Ó nu ojú rẹ̀. “Kùkùté ló gún un ní ojúgun. Ọdún méje ni egbò náà kò jinná, a ń rí egungun. Kì í sùn. Ẹni tí egungun rẹ̀ ń ro, ẹ fẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín fún yín? Àwọn tó sọ ọ́ ní Babátúndé, egbò ni wọ́n rántí. Wọn ò rántí ẹ̀gbọ́n mi.”

James dìde jókòó sílẹ̀.

“Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ọ́, ọmọ mi?”

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. “Kò sí.”

“Ara tìrẹ lè gbóná lóòótọ́. Ti Sarah náà gbóná, inú kan náà lẹ ti jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ òun bí a ti ń gbé e mì. Ìwọ, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọ.”

Ojú ti James, ó sì dùn ún. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti fi gbé aṣọ wọ̀ tí kì í ṣe tẹnìkan. Ní ọ̀nà Mopa, ìyá àgbà ń sùn nínú lọ́rì, òun kò lè sùn.

Jethro, bàbá Lucy, jókòó ní iwájú ilé rẹ̀. Lucy wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ọmọ.

“Ọ̀rọ̀ tuntun wo lẹ mú wá?”

James dojú bolẹ̀. “Bàbá wa kọ́, sà. Èmi ni mo ju òòlù yẹn.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá ọmọ mi padà,” ni Jethro wí, “nítorí òkú lẹ fi ń bẹ̀ mí, n kò sì lè bá òkú wí. Ìwọ wà láàyè. Má dìde.”

Ó bá a wí. Kò pariwo, kò sì yára. Ó ka òòlù, ó ka àwo tó fọ́, ó ka ẹkún Lucy, títí òòrùn fi yẹ̀ kúrò lórí àgbàlá. James kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ooru kan gòkè láti inú rẹ̀ dé etí, James sì wá ẹni tí yóò di ìbínú náà rù, kò rí ẹnìkan.

Lucy ló gbẹ̀yìn sọ̀rọ̀. “N kò bá ọ lọ lónìí. Máa wá. Mo fẹ́ rí ọ nígbà tí inú bá ń bí ọ, kí n rí ohun tí ìwọ fúnra rẹ máa ṣe.”

“Ó ń bí mi báyìí, Lucy.”

“Mo mọ̀. Ọwọ́ rẹ ni mo ń wò.”

Jethro kò tíì ní kó dìde. James tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀. Lucy gbé Monica sórí itan, ó sì ń wo James.