Ìwé Apàṣẹwàá Tí A Kà ní Ìgbẹ̀ìn, àti Ìbò Tí A Kò Rí Dì

Lọ́dún tí owó epo bẹntiróòlù fò sókè, tí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ ní Kútọ̀ lọ sí Èkó ń kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìrìn àjò náà pọn dandan, ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa ní Ìgbẹ̀ìn. Kò tíì pẹ́. Àwọn kan lára àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń kí mi lójú ọ̀nà, àwọn kan sì ń ṣe bí ẹni pé wọn ò rí mi. Mo ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá bá mi pé, "Mọ́mì, ẹ sọ ìtàn ìyanṣẹ́lódì fún wa." Ìyanṣẹ́lódì lẹ máa ń fẹ́ gbọ́, torí pé ọlọ́pàá wà nínú rẹ̀, tajútajú wà nínú rẹ̀, a sì sáré. Lóòótọ́, mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ rí. Mo wọ́de títí bàtà fi já lẹ́sẹ̀ mi, mo sì fa tajútajú símú débi pé fún ọjọ́ mélòó kan, n kò gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi sè. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn mí tó ti yàrá ìkàwé Ìgbẹ̀ìn. Nígbà ìyanṣẹ́lódì, ó kéré tán, a mọ ẹni tí à ń bá jà.

Yàrá ìkàwé yẹn, àwa ará àdúgbò la pawọ́ pọ̀ kọ́ ọ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo dá ẹgbẹ́ òǹkàwé kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀, ní ọ̀sán Sátidé. A ò pọ̀. Alàájì Múfú tó ń ta àdìrẹ wà níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ òun ń kà ní yunifásítì tí wọ́n fi ń bá òun jiyàn. Bísọ́lá náà wà níbẹ̀, tíṣà lítíréṣọ̀ ni, ọmọ tí mo kọ́ ní ilé ìwé girama tó di olùkọ́ bíi tèmi. Bísọ́lá ti wà nílé ọkọ fún ọdún púpọ̀, kò tíì bímọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ lójú rẹ̀. Òun ló mú ìwé náà wá.

Ìtàn àròsọ ni, nípa apàṣẹwàá kan tó jẹ gàba lórí orílẹ̀-èdè tí wọn ò dárúkọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé náà le! Láti ìparí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà kú lójú ewé àkọ́kọ́, ìtàn wá ń padà sẹ́yìn. Bí a ṣe ń ṣí i, bẹ́ẹ̀ ló ń di ọ̀dọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà, ẹni tó ń fọṣọ rẹ̀, ẹni tó ń se oúnjẹ rẹ̀, ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún un, àmọ́ òǹkọ̀wé ò ní sọ èwo nínú wọn ló ń sọ̀rọ̀. Èèyàn á ti kà á jìnnà kó tó mọ̀ pé alásè ti dákẹ́, afọṣọ ló gba ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ìwé o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo ju èyí sórí tábìlì, mo ní, "Ta ló rán an níṣẹ́ ná?"

Alàájì Múfú bọ́ awò ojú rẹ̀. "Tíṣà, ìwé tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn kà, kéú ni àbí Gẹ̀ẹ́sì?"

A rẹ́rìn-ín. Bísọ́lá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mà, ẹ ní sùúrù fún un. Ó fẹ́ kó sú wa ni, bí ayé ṣe sú àwọn tó ń gbé lábẹ́ ọkùnrin yẹn."

"Ó ti sú mi," ni mo dá a lóhùn. "Iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn."

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé n kò rí ìbọn nínú rẹ̀. Èmi tí mo ti rí ìjọba ológun, mo ń retí sójà, mo ń retí ẹ̀wọ̀n. Ọkùnrin inú ìwé yìí kì í tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Orí kan wà níbẹ̀ tó dí odò tí gbogbo ìlú ń mu, kí omi lè máa lọ sí oko rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi garawa bu omi fún wọn láràárọ̀. Àwọn ará ìlú wá kóra jọ síwájú ilé rẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ omi. Ìyá kan tí òǹgbẹ gbẹ ọmọ rẹ̀ pa kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn. Mo ní irọ́ ni. Mo ní kò sí èèyàn gidi tó máa ṣe bẹ́ẹ̀, òǹkọ̀wé kàn ń fi wá ṣeré ni. Alàájì náà ní Ẹ̀gbá ò lè ṣe é láéláé. Bísọ́lá ní ká fi orí yẹn sílẹ̀ ná, ká máa kà á lọ.

N kò mọ ẹni tó lọ sọ fún alága ẹgbẹ́ àdúgbò wa pé à ń ka ìwé apàṣẹwàá. Sáà rẹ̀ ti parí tipẹ́ nígbà yẹn, ìbò ni wọ́n ń sún síwájú ṣáá, a sì ń gbọ́ fìnrínfìnrín pé ó fẹ́ sọ yàrá ìkàwé di ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni o. Bó bá pàdé yín, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn yín, á béèrè ọmọ yín tó wà lókè òkun. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ó wọlé wá bá wa ní Sátidé kan, ó ní, "Ẹ kú ìkàwé o." A dìde, a kí i. Ó mú ìwé náà, ó ṣí i láàrin, ó wò ó títí.

"Ta lẹ ń bá wí?" ló bi mí.

"A ò bá ẹnikẹ́ni wí, Bàbá Alága. Ìwé là ń kà."

"Ìwé ò pọ̀ láyé ni, tó fi jẹ́ ti ẹni tó ń ni èèyàn lára lẹ rí kà?"

"Ẹ jókòó, ẹ bá wa kà á. Bóyá á yé yín ju àwa lọ."

N kò gbèrò láti bú u. Lóòótọ́ ni mo ń wá ẹni tí ìwé náà máa yé! Ṣùgbọ́n Alàájì Múfú bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ìwé náà kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀, ó sì jáde. Nígbà tí a fi máa padà wá lọ́sẹ̀ kejì, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àtúnṣe ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Iwájú àgádágodo yẹn ni Bísọ́lá ti sọ fún mi pé òun fẹ́ díje dupò alága. Ó ní, "Mà, bí mo bá wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí màá ṣe ni kí n ṣí yàrá yìí." Mo dì mọ́ ọn. Mo bá a wọ ilé dé ilé, ilé onígbàgbọ́, ilé Mùsùlùmí, bí mo ṣe ń ṣe nígbà tí eegun mi ṣì le. A ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n gbà. Àwọn ìyàwó ilé tí wọn kì í sọ̀rọ̀ nípàdé ní àwọn á nawọ́ sókè fún un. Mo mọ ìbò, mo ti dì í, mo ti kà á, wọ́n ti jí i mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Bí wọ́n bá dì í lọ́jọ́ náà, Bísọ́lá ló máa wọlé.

Ẹ mọ bí ìpàdé ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Onígbàgbọ́ á fi àdúrà ṣí i, Mùsùlùmí á fi àdúrà pa á dé. Kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ àdúrà tí kì í ṣe Àmín. Bí alágbe bá gbàdúrà fún yín lójú títì, bí ẹ ò tilẹ̀ fún un ní kọ́bọ̀, ẹ ó ṣe Àmín kí ẹ tó kọjá. Wọ́n ti fi kọ́ wa láti kékeré.

Lọ́jọ́ ìpàdé, akọ̀wé ní ó kan ìbò. Alága dìde. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbò máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Gbogbo wa dìde, àwọn ọkùnrin ṣí fìlà.

"A ò ní fojú sunkún ọmọ."

"Àmín!"

"A ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà."

"Àmín!"

Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀. Ó yíjú sí apá ibi tí Bísọ́lá dúró sí. "Ẹni tó ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ láàrin wa, láìpẹ́, láìjìnnà, a ó gbọ́ igbe ọmọ nílé rẹ̀."

Ẹ gbà mí o! Ilé mì tìtì. Bísọ́lá kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ń ké "Àmín, Olúwa, Àmín," omijé ń dà lójú rẹ̀. Àwọn obìnrin ń gbọ́wọ́ lé e lórí. Ariwo náà kò tíì rọlẹ̀ tí Alága fi ń bá a lọ, kò tilẹ̀ mí:

"Ọlọ́run tó fi mí ṣe aṣáájú yín láti ọjọ́ yìí wá, yóò tún fi mí síbẹ̀ fún sáà mìíràn, ní ìrẹ́pọ̀!"

"Àmín!"

"Ẹ ṣeun o," ni akọ̀wé wí. Ó ti jókòó. "Gbogbo ilé ti fọwọ́ sí i. Ó kan ọ̀rọ̀ gọ́tà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi ṣì wà lórí ìdúró. "Akọ̀wé, kí ni gbogbo ilé fọwọ́ sí?"

"Sáà Bàbá Alága ni, mà."

"Nígbà wo la dìbò?"

Alága fúnra rẹ̀ ló dá mi lóhùn, jẹ́jẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Ìyá wa, ẹ̀yin ò ṣe Àmín ni?"

"N ò ṣe."

Hàà! Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún àga rẹ̀ kúrò. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Àdúrà ọmọ ni wọn ò ṣe Àmín sí! Àgbà obìnrin bẹ́ẹ̀!" Mo ṣe Àmín sí ti ọmọ o, Ọlọ́run gbọ́ mi. Ti sáà ni n ò ṣe Àmín sí. Àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ àlàyé? Mo ti di àjẹ́ lójú wọn. Mo pariwo pé, "Ìbò lẹ ní ká wá dì, kì í ṣe ìsìn!" Alàájì Múfú dìde, ó ní òótọ́ ni mo sọ, ká nawọ́ ká mọ̀. Ẹnì kan ní, "Alàájì, ẹ̀yin náà ṣe Àmín, etí mi gbọ́ ọ." Alàájì jókòó. Ó ṣe é lóòótọ́.

Mo wo Bísọ́lá. Bí òun bá sọ̀rọ̀, àwọn tó ṣèlérí fún un á sọ̀rọ̀. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi etí gèlè nu ojú. Ó mi orí sí mi pé kí n jọ̀wọ́. Mo bá jáde, mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀? Padà wọlé, sọ pé Àmín yẹn ò kà!"

Ó wò mí. "Mà, ẹnu kan náà ni mo fi ṣe é, lórí ìkúnlẹ̀ kan náà. Bí mo bá ní kò kà, èwo nínú rẹ̀ ni kí n sọ fún Ọlọ́run pé kò kà?"

Mo ti bá kọmíṣọ́nnà jiyàn rí, mo ti bá ọ̀gá ọlọ́pàá jiyàn, ṣùgbọ́n n kò rí ohunkóhun sọ fún ọmọbìnrin yẹn, n kò sì tíì rí i títí dòní. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọkùnrin yẹn mọ̀. Ó mọ ibi tó ti ń dun ọmọlọ́mọ, ibẹ̀ gan-an ló fọwọ́ lé.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi. Bísọ́lá ò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣí ìwé náà sí orí tí a fi sílẹ̀, ó ka ti odò yẹn sókè, ó ka ti ìyá tó kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní irọ́ ni mọ́. Alàájì Múfú kàn ń sọ "Àsítágífùrúlà" lábẹ́ ẹnu. Nígbà tó yá, ó ní, "Àwa nìyí." Mo bínú sí òǹkọ̀wé yẹn nítorí ìbọn tí n kò rí. Ó ti mọ ohun tí n kò mọ̀. Ẹni tó gbé ìbọn, èèyàn lè sá fún un. Ẹni tó di ohun tí ò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run mú, ibo lo fẹ́ sá gbà? A ka ìwé náà parí, títí dé ibi tí aninilára náà ti jẹ́ ọmọ ọwọ́.

Kí ọdún tó yí po, Bísọ́lá bí ọmọbìnrin. Mo jó! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé n kò jó. Ṣùgbọ́n níbi ìsọmọlórúkọ, Alága gba gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ rí i bí àdúrà ọjọ́ ìbò ṣe gbà?" Ọjọ́ ìbò ló pè é! Àwọn èèyàn hó yèè. Láti ìgbà náà, ta ló máa ní ìbò yẹn kì í ṣe ti Ọlọ́run, nígbà tí ẹ̀rí ń sunkún nínú yàrá?

Wọ́n gbé ọmọ fún mi pé kí n gbàdúrà, torí mo jẹ́ olùkọ́ ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ yìí, ẹnikẹ́ni kò ní fi ohun tí ò ń wá gba ohun tó jẹ́ tìrẹ." Wọ́n ní Àmín. Mo gbójú sókè, mo wo Alága. Mo ní, "Ẹni tó bá fi àdúrà gba ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó sùn títí yóò fi dá a padà."

Ohùn tirẹ̀ ló ròkè jù. "Àmín, lórúkọ Jésù!" Ojú rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ògiri yàrá ìkàwé.

Kí la wá rí gbà nínú rẹ̀? A rí ọmọ, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló fún wa, kì í ṣe ẹgbẹ́ àdúgbò. A ka ìwé líle kan dé ìparí, ó sì yé wa ju bí a ṣe fẹ́ lọ. Yàrá ìkàwé ti lọ. Ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn ìwé wa wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Bísọ́lá ò díje mọ́. Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, á ní, "Mà, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀," á sì wo ọmọ rẹ̀. N kò lè bá a jà. Inú sì ń bí mi pé n kò lè bá a jà.

Ìbò kan ni wọ́n ṣì jẹ wá. Sáà tí Alága fi àdúrà gbà yẹn náà ti ń parí lọ, wọ́n á tún pe ìpàdé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìgbẹ̀ìn, bó bá dìde tó ní kí ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàdúrà, ẹ má bú u, ẹ má sì ṣí fìlà. Ẹ ní ká dìbò ná. Bí a bá ti dì í tán, tí a ti kà á lójú gbogbo èèyàn, èmi àgbà yìí á kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí á sì gbà á, màá sì ṣe Àmín sí gbogbo ohun tó bá wù ú kó tọrọ.