Òwú Ìyá Alántakùn

Tí nọ́ọ̀sì bá ti fi òwú nu apá mi, tí òórùn sípíríìtì gbá mi nímú, láàbù kan ní Yábàá ni ọkàn mi máa ń lọ. Ibẹ̀ ni màmá mi ti ń sin alántakùn nínú ìgò fún ìwádìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀ ní kékeré, wọ́n fi ẹ̀mú yọ àpò ẹyin funfun tí ìyá alántakùn kan so mọ́ ìdí, kí wọ́n lè wo ẹyin inú rẹ̀. Alántakùn náà ń sáré kiri inú ìgò. Ni màmá mi bá ká òwú bíńtín, wọ́n jù ú sí i. Ó dì mọ́ ọn, ó so ó mọ́ ìdí, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ wo òmùgọ̀! Ṣé kò mọ̀ pé òwú lásán ni?"

"Ó mọ̀," ni wọ́n wí, wọn ò wojú mi. "Má fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Lẹ́yìn tí màmá mi kú, tí a sin wọ́n, ni ẹ̀gbọ́n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ tí wọ́n bí ti kú kí wọ́n tó gbà mí tọ́.

Nígbà tí èmi àti màmá mi ń lọ sílé lọ́jọ́ tí wọ́n ju òwú sí alántakùn yẹn, wọ́n di ọwọ́ mi mú láti Yábàá dé Ọ̀yìngbò. Mo ní ó ń dùn mí. Wọ́n ní kí n má bínú, àmọ́ wọn ò fi ọwọ́ náà sílẹ̀.