Ọkà Tí Ó Ṣáájú Iṣu

Ìyá bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé ọlọ síwájú, ó ń lọ ọkà bàbà. Bàbá mi dúró tì í pẹ̀lú agbọ̀n. Ewé ni ó fi bo ohun tó wà nínú agbọ̀n náà, ṣùgbọ́n mo rí erùpẹ̀ tútù létí ewé. Iṣu tuntun ni. Àwọn àgbà orí òkè wa kò sì tíì yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́.

Àbúrò mi obìnrin dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ ni, ó ń sunkún oúnjẹ, ohùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde mọ́. Èlùbọ́ ti tán. Gààrí ti tán.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọjá. Ọmọ yìí ò lè jẹ èèwọ̀ yó. Èmi ti gba ìrìbọmi ní tèmi."

"Ìwọ lo gba ìrìbọmi. Àwọn tó ń dúró de iṣu yẹn ò gbà á."

"Omi ti wà lórí iná. Bí ó bá hó kí ìyẹ̀fun yín tó pé, iṣu ni mo máa gbé sí i."

"Tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ kọjá nígbà náà."

Ìyá kò wo ojú rẹ̀. Ọkà bàbà tó ń lọ̀ yẹn, inú èéfín òkè ààrò ló ti so ó rọ̀, ọtí ọdún iṣu ló fẹ́ fi pọn. Kò ní òmíràn. Òkúta ń ha òkúta. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀. Mo gbọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí kùn nínú ìkòkò. Bàbá mi gbọ́ ọ pẹ̀lú, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìyẹ̀fun jọ sínú igbá, ó nà án sí i.

Bàbá mi wo igbá náà títí. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó mú orógùn, òun fúnra rẹ̀ ló rò ó.

Oúnjẹ náà pọ́n. Àbúrò mi yí ojú kúrò. "Èyí kọ́ lọkà. Dúdú ni ọkà."

"Èyí ló kọ́kọ́ ń jẹ́ ọkà," ni Ìyá wí. "Òun ni àwọn tó bí wa ń lọ̀, tí wọ́n ń rò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó mọ iṣu sá, tí wọ́n rò ó bákan náà, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ya ẹnu, jẹ ẹ́."

Ó jẹ ẹ́. Ó tún béèrè sí i.

Lọ́jọ́ ọdún iṣu, omi lásán ni Ìyá fi ṣe àlejò. Bí ẹnikẹ́ni bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá á ní, "Ọtí mi ń sáré kiri àgbàlá yẹn, ẹ pè é."

Mo ti darúgbó báyìí. Ní ọjà Glazoué lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin tó ń ta oúnjẹ bi mí bóyá pátì, bí wọ́n ṣe ń fi Faransé pe òkèlè, ni mo fẹ́. Mo ní ọkà ni mo fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá, àwọn ará àtijọ́ ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, èmi ni mò ń ro ọkà tèmi. Bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí kùn, mo máa ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.