Omi Orí Ọmọ Ìyá Síkírù

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣàmì fún ọmọ-ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí mo ṣe gbọ́ ìró omi nínú àwo, ọkàn mi fò padà sí yàrá wa ní Bàrígà.

Ọ̀sán gangan ni. Òórùn ẹja yíyan láti etí ọ̀sà gba gbogbo ilé. Ìyá Síkírù, Mùsùlùmí tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ tí ibà ń ṣe lé Màmá mi lọ́wọ́, ó sáré lọ pe ọkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tó jáde ni gìrì mú ọmọ náà, ojú rẹ̀ yí sókè. Màmá bu omi nínú àmù, ó rọra ń dà á sí i lórí, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Màmá, kí lẹ ń sọ?"

"Dákẹ́. O ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo rò pé ooru ara ọmọ náà ló ń fi omi pa.

Nígbà tí Ìyá Síkírù dé, ọmọ ò mí mọ́. Àwọn ààfáà sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Láti ìgbà náà, bí a bá ń gbàdúrà fún àwọn òkú wa, Màmá a máa dárúkọ Míkáẹ́lì kan tí n kò mọ̀ nínú ẹbí wa. Mo ti bímọ tèmi kí n tó mọ̀ pé ọmọ Ìyá Síkírù ni Míkáẹ́lì.

Gbogbo Iléyá ni Ìyá Síkírù ń gbé ẹran wá fún wa.

"Ìyá Tèrésà, ẹ ṣé o. Ẹ fi omi tu ọmọ mi lára kó tó lọ."

Àwa ọmọ la máa ń jẹ ẹran náà. Màmá kì í fọwọ́ kàn án.