Òrùka Ọwọ́ Onífèrè

Ní Ìtàkété, bí Eustache aránṣọ bá ń bọ̀, àwọn ènìyàn a tètè tún ẹ̀wù wọn ṣe. Bọ́tìnnì tó ṣí, okùn bàtà tó tú, kò sí èyí tí kì í fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ọlọ́run ló mọ ẹni tó fi fèrè lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, nítorí láti ìgbà tó ti di onífèrè bọ́ọ̀lù, ẹnu rẹ̀ kò sinmi mọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ẹgbẹ́ Pọ́bẹ̀ fẹ́ kojú ẹgbẹ́ Ìgànná ní pápá Pọ́bẹ̀. Maxime, àgbà onífèrè, ti Àjàṣẹ́ wá wo iṣẹ́ Eustache. Bó bá ṣe é dáadáa, Àjàṣẹ́ ni yóò ti máa darí eré. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí pápá eléruku ni yóò ti máa fọn fèrè títí eyín rẹ̀ yóò fi ká. Ó ti rán ẹ̀wù tuntun de ọjọ́ náà.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó to àwọn agbábọ́ọ̀lù bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó pẹ́ dé. Ó tẹ ike tí wọ́n fi bo ojúgun, ó yẹ ìsàlẹ̀ bàtà àti ìka ọwọ́ wọn wò. Huguette, tó fẹ́ di àsíá mú létí ìlà, ń tẹ̀lé e. Eustache sọ fún un lójú gbogbo wọn pé ọwọ́ tirẹ̀ kò ní wàhálà láti yẹ̀ wò, ẹni ọgbọ̀n ọdún tí ọkùnrin kankan kò tíì fi òrùka sí níka. Àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín. Huguette kò rẹ́rìn-ín.

Ó kan Fáṣínà, balógun ẹgbẹ́ Ìgànná. Okùn dúdú kan wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ìyá òun ló so ó, òun yóò fi bàǹdéèjì wé e mọ́lẹ̀, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Inú Eustache dùn bí ẹni tó ti ń gbàdúrà kí ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Òfin kò mọ ìyá," ni ó wí. "Ohun tí a wé mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

Ó fa àlùmọ́gàjí aránṣọ yọ lápò, ó gé okùn náà, ó jù ú sínú koríko. Fáṣínà wo ọwọ́ tó gé e.

"Ọ̀gá, èyí tó wà níka yín ńkọ́?"

Òrùka ìgbéyàwó ni. Òfin tó ní kí agbábọ́ọ̀lù má fi òrùka wọ pápá kò yọ onífèrè sílẹ̀. Aago ọwọ́ nìkan ni ó gbà fún un. Eustache mọ̀ ọ́n, òun gan-an ló ń fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n tín-ín-rín ni Eustache nígbà tí Pélagie ìyàwó rẹ̀ fi òrùka náà sí i níka, iyán Pélagie sì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó fà á, kò mì. Wọ́n fi ọṣẹ sí i, kò gbà. Ní Pọ́bẹ̀, epo pupa kì í jìnnà: obìnrin tó ń din àkàrà létí pápá da ṣíbí kan lé e lọ́wọ́. Epo kán sí ẹ̀wù tuntun. Fèrè yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òǹwòran ń dámọ̀ràn: ẹnìkan ní kí wọ́n pe alágbẹ̀dẹ, òmíràn ní ṣebí àlùmọ́gàjí wà lápò ọ̀gá.

Nígbà tó sú u, ó sún mọ́ Maxime, ó rọra bi í bóyá òun lè fi bàǹdéèjì wé e.

Fáṣínà ló dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ohun tí a wé mọ́lẹ̀ ńkọ́, ọ̀gá?"

Maxime gba fèrè, ó nà án sí Huguette, ó sì fi àsíá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Huguette nu epo kúrò lára fèrè, ó pe àwọn balógun méjèèjì, ó ju owó ẹyọ sókè kí wọ́n yàn. Kó tó lọ sí àárín pápá, ó bojú wẹ̀yìn.

"Fofó Eustache, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò nínú ìlà. Ọwọ́ tèmi kò ní wàhálà."

Ó fọn fèrè. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí ni òrùka yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Eustache, ó já sínú koríko. Ó fi eékún wá a. Okùn dúdú Fáṣínà ló kọ́kọ́ rí, kó tó rí òrùka. Ó dìde, ó gbé ìka òfìfo sókè kí Maxime lè rí i.

Maxime ń wo bọ́ọ̀lù.