Ìgò Tí Bàámi Wá Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Ó dìgbà o, Bàámi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá òṣèré tó bá ṣe òkú wí pé ó ń mí, ẹ wá sùn lónìí, ẹ ò mí. Ikú ṣe wá níkà.

Ta ni ò mọ̀ yín ní Oǹdó, baba onífíìmù? Nígbà tí èmi àti ọkọ mi wá ọmọ títí tí a ò rí, dókítà kan ní Àkúrẹ́ ní àwọn lè da ẹyin ara mi pọ̀ mọ́ omi ara ọkọ mi níta, kí wọ́n tó gbé e sínú mi. Inú bí yín, ẹ ní ọmọ inú ìgò la fẹ́ lọ ṣe. Nínú ọ̀wọ́n epo ọdún náà lẹ ti ya fíìmù bá wa wí. Ẹ ra ìgò súwíìtì ńlá, ẹ ki bèbí oníke sí i, ẹ sì sọ bèbí náà di ejò níparí. Ẹ ní, "Ọlọ́run nìkan ló ń ṣe ọma." Màámi bi yín pé, "Adìẹ ágíríìkì tẹ́ ẹ̀ ń jẹ yìí, ìyá wo ló sàba lé e?" Ẹ mú itan kejì.

A lọ ṣe é lọ́dọ̀ dókítà náà, Ọlọ́run gbọ́ tiwa, mo bí obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ ti búra pé ẹ ò ní wá síbi ìsọmọlórúkọ, bẹ́ẹ̀ nílé wa, bàbá àgbà ló ń fún ọmọ ní oríkì. Ẹ̀rù bà mí pé ọmọ mi á dàgbà láìní ohun tí wọ́n máa fi kì í. Àfi bí ẹ ṣe yọ lójijì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ ò kí àna yín, ẹ ò kí àlejò, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Ìgò dà?"

Bàámi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ra ìgò lọ́jà! Mo ní inú mi lọmọ ti jáde. Mo gbé e lé yín lọ́wọ́, ó tọ̀ sí yín láṣọ. Ẹ wo etí rẹ̀, etí ńlá yín gan-an ni. Lẹ bá bú sẹ́kún. Ẹ ní, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àbẹ̀kẹ́, ọma mi, káàbọ̀."

Ẹ padà lọ tún òpin fíìmù yẹn yà. Ẹ yọ ejò kúrò, ẹ fi Àbẹ̀kẹ́ sí i, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì ti pariwo "Kọ́ọ̀tì" pé kí kámẹ́rà dúró ló ń ké. Ìgò yẹn náà lẹ sọ di ìgò súwíìtì rẹ̀, ẹ ò sì jẹ́ kó gbẹ rí.

Mo dúpẹ́ pé ẹ wá lọ́jọ́ náà. Ó dùn mí pé ẹ lọ.

Àbẹ̀kẹ́ ti gbé ìgò náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá yín láti àárọ̀. Ó ti ṣófo. Ó ní òun ń dúró dè yín.

Ẹ sùn re o, Bàámi.